Ìgbà Tí Katakata Ìlárá Ń Húkọ́

Òórùn bẹntiróòlù ló máa ń jí mi lówùúrọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kì í ṣe èyí tó ń gún èèyàn nímú bíi ti ilé epo òde òní. Tiwa ní nǹkan mìíràn nínú, nǹkan kan tó rọra ń dùn, àfi bí ẹni bó ọsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà. Bó bá ti gba ojú fèrèsé wọlé, mo mọ̀ pé bàbá mi ti wà lábẹ́ igi odán iwájú ilé wa, wọ́n ti ṣí ìdérí táǹkì katakata tí wọ́n fi ń túlẹ̀, wọ́n sì ti ń wọn oògùn rẹ̀. Màá fa ìró ìyá mi mọ́ra nítorí ọyẹ́, màá jáde sí wọn láìfọjú, láìrunpákò. Wọn ò ní lé mi wọlé. Wọ́n á na ìdérí agolo oògùn náà sí mi nímú, wọ́n á ní, "Bọ́sẹ̀, ṣé ó ti tó?" Èmi tí mi ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì á mi orí bí àgbà ìlú, màá ní, "Ó ti tó, Bàbá." Ìgbà náà ni wọ́n á tó dà á sínú táǹkì.

Ìlárá Rẹ́mọ la wà. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ọmọdé nígbà náà á rántí. Ìjọba sọ́jà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá, rédíò ń pariwo pé kí tọmọdé tàgbà padà sóko, ọjà òyìnbó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ́n. Ilẹ̀ á mọ́, a ó gbọ́ agogo ilé ìwé ìjọ tí Ọ̀gbẹ́ni Táíwò máa ń lù bí ẹni ń bá a jà. A ó gbọ́ òórùn gàrí tí Ìyá Wúrà ń yan lẹ́yìnkùlé wọn, gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, tí itọ́ á ti máa dà lẹ́nu ẹni kí a tó dé ìdí rẹ̀. Ní tiwa, àdín ni ìyá mi ń ṣe tà. Bí wọ́n bá ń yan ẹ̀kùrọ́, èéfín á bo gbogbo àgbàlá, á wọ inú yúnifọ́ọ̀mù mi, bí mo bá sì dé kíláàsì, wọ́n á ní, "Aláàdín ti dé o!" Ìyá mi máa ń to ìgò àdín náà sórí pẹpẹ. Lọ́sàn-án, á ṣàn bí omi. Lówùúrọ̀ ọyẹ́, á dì gbagidi nínú ìgò, a ó ní láti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná kó tó gbà láti jáde.

Katakata náà dàgbà jù mí lọ dáadáa. Wọ́n ní òyìnbó kan tó dá oko rọ́bà lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́ ló fi í sílẹ̀ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Inú igbó ló wà, ìtàkùn dì í, adìyẹ ìgbẹ́ ń yé sí orí àga rẹ̀, kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ìlú wa tó wọ́ ọ wálé. Wọn ò mọ bí wọn yóò ti ṣe é, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí bàbá mi, Jósáyà Odùṣànyà, ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń wa ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù ní èbúté. Kó tó di ìgbà náà, ọdún Kérésì àti ọdún Àjíǹde nìkan ni mo máa ń rí bàbá mi. Àlejò ni wọ́n jẹ́ sí mi. Màá kúnlẹ̀ kí wọn, màá gba bisikíìtì lọ́wọ́ wọn, màá sá padà sẹ́yìn ìyá mi. Katakata yìí ló dá wọn padà sílé. Ẹ ó wá rí i pé bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi bá ń wò ó, irin ni wọ́n ń rí. Èmi, bàbá mi ni mo ń rí.

Inú agolo búlúù kékeré kan ni oògùn ẹ́ńjìnnì náà ń gbé. Ó pupa, ó sì fúyẹ́ bí epo tí a ń dà sí ìdí màṣíìnì ìránṣọ. Mo bi bàbá mi lọ́jọ́ kan pé kí ni katakata ń fi oògùn ṣe nígbà tí kò ní ikùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bẹntiróòlù gbẹ, ọmọ mi. Bí ọṣẹ ló rí. Bó ṣe ń jó náà ló ń fọ ọ̀rá kúrò lára irin. Ẹ́ńjìnnì tuntun lè fara dà á. Àgbàlagbà bí èyí, oríkèé rẹ̀ á máa ha ara wọn ni. Oògùn yìí ló ń fi ọ̀rá díẹ̀ kún un fún wa." Wọ́n ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké kan wà nínú ẹ́ńjìnnì, tó ń ṣí, tó ń tì, tí wọ́n ń pè ní fáàfù, pé bí oògùn kò bá kàn wọ́n, wọ́n á gbẹ, wọ́n á há. Ìdérí agolo kan ló tó fún táǹkì kan. Kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. "Ìwọ̀n ni oògùn," ni bàbá mi máa ń wí, wọ́n á wí i bí ẹni ń ka Sáàmù.

Agolo náà tán lẹ́yìn Kérésì ọdún kan. Bàbá mi wá a dé Ṣàgámù, wọ́n wá a dé Ìkòròdú, wọ́n bá ọkọ̀ lọ sí Èkó nítorí rẹ̀. Kò sí. Àwọn tó ń tà á ní kò wọlé láti òkè òkun mọ́. Bàbá mi padà dé, wọ́n ronú títí, wọ́n wá bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun, èyí tó fẹ́lẹ́, wọ́n fi ìdérí agolo àtijọ́ wọ̀n ọ́n, wọ́n dà á sí bẹntiróòlù. Wọ́n tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń gbọ́ àyà ọmọ tuntun. Ó gbà fún wọn. Èéfín rẹ̀ kàn búlúù díẹ̀ ni. Inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbé mi sórí itan wọn, tí a sì wà á yí ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ká, tí gbogbo èèyàn ń juwọ́ sí wa.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́. Bí bàbá mi bá ti fi irin yí i níwájú, á ṣe gùdù-gùdù díẹ̀, á há, á húkọ́, á tu èéfín funfun, á dákẹ́. Wọ́n yọ pọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo, wọ́n fi ọ̀bẹ ha á. Wọ́n dín ọ́ìlì kù. Wọ́n tún bù ú lé e. Ikọ́ náà ń le sí i ni.

Ìròyìn rẹ̀ dé ilé ìwé. Múyí, ọmọ Alájì Ràímì tó ń ra obì, ẹ̀yìn mi ló máa ń jókòó. Ó ní, "Bọ́sẹ̀, katakata bàbá ẹ mà ń húkọ́! Ẹ bá a ra oyin!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó ṣáà sàn ju kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bàbá tìẹ lọ." Ó ní, "Irọ́ ńlá! Bàbá mi ò ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́." Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?" Ìyáàfin Ọ̀ṣínúbi, olùkọ́ wa, nà wá níkọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n yí ojú sí ara ògiri kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Mo fi àyà gbà á níwájú Múyí. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́, mo sunkún.

Ìdí tí mo fi sunkún ni ohun tí mo gbọ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Tíṣà Ṣónúgà, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì, ni olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ nígbà náà. Èèyàn gíga ni wọ́n, aṣọ funfun ni wọ́n máa ń wọ̀, wọn kì í sì í jókòó bí ọ̀rọ̀ bá wúwo. Mo ń nu gíláàsì àtùpà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n ní, "Jósáyà, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọ. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ láìjẹ́ pé a ti túlẹ̀ oko ọ̀nà Likosi, ẹgbẹ́ yóò ta irin yìí fún àwọn onírin àlòkù Ṣàgámù. Àwọn èèyàn fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́. Ebi kì í gbọ́ àwáwí." Bàbá mi fi àkísà nu ọwọ́ wọn. Wọ́n wá ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ín, Tíṣà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tà á, èmi náà ò níṣẹ́ níbí mọ́. Èkó ni màá padà sí." Gíláàsì àtùpà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run ló ṣe é tí kò fọ́.

Láti ọjọ́ náà, ojú ọ̀run ni mo ń wò. Ẹlòmíràn ń gbàdúrà kí òjò rọ̀, èmi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣì dúró ná. Bí ìkùukùu bá ṣú díẹ̀ lápá Ìpẹ̀rú, màá sáré lọ wò ó bóyá bàbá mi ṣì wà lábẹ́ igi odán.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí kí n sọ nǹkan kan nípa ilé wa. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe bí ọmọdé bá ń ṣàìsàn. Ìkòkò àgbo kan ṣoṣo á wà lórí ààrò. Ẹni tó bá wá kí ọmọ, á fi ewé tirẹ̀ sábẹ́ aṣọ wá, á ṣí ìkòkò, á jù ú sí i, á bò ó padà. Kò ní sọ ohun tó jù sí i, wọn ò sì ní bi í. Àwọn àgbà gbà pé oògùn tí a bá ti fi ẹnu pè, a ti bu nínú agbára rẹ̀ nìyẹn. Bí ọmọ bá wá dìde, kálukú á máa rẹ́rìn-ín sínú, á gbà pé ewé tòun ló jẹ́. Ìfẹ́ ni. Mi ò lè pè é ní nǹkan mìíràn. Ìkòkò bẹ́ẹ̀ ló tọ́ èmi náà dàgbà.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí yà sábẹ́ igi odán. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ará Likosi, á tẹ ọ̀pá wọn dé ìdí katakata, wọ́n á fi ọwọ́ nù ú lára, wọ́n á ní, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, yóò tán." Bàbá Ògúnsànyà alágbẹ̀dẹ á dé, wọ́n á yí i ká, wọ́n á mi orí. Alájì Ràímì, ará Makun tó ní ìsọ̀ obì nílùú wa, á dúró nídìí rẹ̀ bí wọ́n bá ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Bàbá mi rò pé ìbánikẹ́dùn ni. Wọ́n ní, "Èèyàn wa mà dára o. Wọ́n ń kí irin bí ẹni ń kí aláìsàn."

Ọjọ́ tí a gbé e lọ sí oko ọ̀nà Likosi, ọyẹ́ ìkẹyìn ló mú láàárọ̀ náà, a ò sì lè rí igi tó wà níwájú wa dáadáa. Gbogbo ẹgbẹ́ ló wá. A gba ààyè lọ́wọ́ ilé ìwé. Katakata yí, ó húkọ́, ó wọ oko, ó fi ohun ìtúlẹ̀ bọlẹ̀. Ilẹ̀ là, ó yí padà, dúdú, ó ń dán. Àwọn èèyàn kígbe ayọ̀. Mo rí ẹ̀yìn bàbá mi, mo rí bí èjìká wọn ṣe nà. Kò tíì dé ìdí ọ̀pẹ tó wà láàárín oko nígbà tó há lẹ́ẹ̀kan, tó há lẹ́ẹ̀kejì, tó sì kú. Bàbá mi yí i títí òógùn fi bo ojú wọn nínú òtútù náà. Kò dáhùn.

Ife gíláàsì kékeré kan wà lábẹ́ táǹkì, níbi tí ìdọ̀tí epo ti máa ń rọ̀. Bàbá mi tú u, wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe bẹntiróòlù mọ́. Ó pọ́n rúsúrúsú, ó ń fà, nǹkan sì dì lójú rẹ̀ bí ọ̀rá ọbẹ̀ àná. Bàbá mi wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ọ́ìlì tí mo fi rọ́pò oògùn ni. Ọwọ́ mi ni. Èmi ni mo pa á." Okùn la fi fa katakata padà sílé, tọkùnrin tobìnrin, láìsí orin.

Nígbà tí a délé, bàbá mi wọ yàrá, wọ́n gbé àpótí Èkó wọn sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, wọ́n ń ká aṣọ sí i. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Bọ́sẹ̀, wá bá mi ká ṣẹ́ẹ̀tì yìí." Mi ò gbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bàbá mi rán mi níṣẹ́ tí mi ò jẹ́.

Ìyá mi ló gbé ife gíláàsì náà láti fọ̀. Wọ́n ti ki ìka bọ̀ ọ́, ni wọ́n bá dúró. Wọ́n fi ìka méjì ra ohun tó dì náà, wọ́n gbé e sí imú. Ẹni tó ti ń ṣe àdín láti kékeré, ta ni yóò fi àdín tó dì hàn án? Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú kan náà. Nígbà tí wọ́n gbé orí sókè, wọ́n pè mí, ohùn wọn lọ sílẹ̀: "Lọ pe Ìyá Àgbà fún mi. Pe Bàbá Ògúnsànyà. Pe Alájì. Pe Tíṣà. Ní èmi ni mo ń pè wọ́n, kí wọ́n máa bọ̀ báyìí." Mo ní, "Màámi, ṣé kí n ní ẹ ò lágbára ni?" Wọ́n ní, "Kò sóhun tó ṣe mí. Ohun tí mo ṣe ni. Bí mo bá sì mọ ìlú yìí dáadáa, èmi nìkan kọ́ ni mo ṣe é."

Wọ́n pé sábẹ́ igi odán ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi jókòó lórí gbòǹgbò, wọn ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìyá mi dúró sáàárín, wọ́n tún gèlè wọn so kó le, bí wọ́n ti máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹrù. Wọ́n ní, "Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú. Bàbá Bọ́sẹ̀ ń di ẹrù, wọ́n ní àwọn ló ba katakata jẹ́. Kì í ṣe àwọn. Ọjọ́ ìsinmi tí mo ní orí ń fọ́ mi, tí mi ò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orí ò fọ́ mi. Àdín ni mo bù, ìgò kan, mo dà á sínú táǹkì. Bí ara ọmọ mi bá gbóná, àdín ni mo fi ń pa á. Mo rò pé á tu òun náà lára."

Bàbá mi gbé ojú sókè. "Ìyá Bọ́sẹ̀. Odidi ìgò kan?"

"Ìgò kan péré."

"Péré!"

Adìyẹ kan ń ha ilẹ̀. Bàbá Ògúnsànyà wá bẹ̀rẹ̀ sí họ imú. Wọ́n ní, "Ó dáa. Irin ni katakata, Ògún ló sì ni irin. Mo gbé epo pupa wá láti ta á sílẹ̀ fún un. Mo yí i ká, mi ò mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ wà. Ibi tí mo ń rí Jósáyà tó ti ń bọ́ ọ lóúnjẹ, mo ní, ẹnu náà nìyẹn. Mo dà á síbẹ̀."

Alájì Ràímì bú sẹ́rìn-ín. "Àdín! Epo! Ẹ ò kúkú gé àlùbọ́sà sí i, ẹ̀yin èèyàn yìí? Ọbẹ̀ lẹ fi katakata sè!"

Ìyá mi yíjú sí wọn. "Alájì, kí ni tiyín?"

Ẹ̀rín dá lẹ́nu Alájì. Wọ́n wo ilẹ̀. "Káfúrà ni tèmi. Àwọn dírẹ́bà tó ń kó obì mi lọ sí Kánò ló máa ń jù ú sí epo, wọ́n ní ó ń fún ọkọ̀ lágbára. Bísímílà ni mo fi jù ú sí i."

Ojú gbogbo wa yí sí Ìyá Àgbà. "Ẹ má wò mí," ni wọ́n wí. "Mi ò bu nǹkan kan sí i." Wọ́n yí ọ̀pá wọn lọ́wọ́. "Àfi àgbo."

Bàbá mi fò dìde. "Àgbo! Màámi, omi lẹ dà sínú epo?"

"Ta ló pe omi? Àgbo ni mo ní. Àgbo tí mo fi wo ìwọ náà nígbà tí ikọ́ fẹ́ẹ̀ pa ọ́. Ṣé o kú?"

Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà wà níbẹ̀, wọ́n di inú mú, omi ń bọ́ lójú wọn. Tíṣà Ṣónúgà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ń fi etí agbádá nù ún. Wọ́n ní, "Gúlúkóòsì." A ò gbọ́ dáadáa. Wọ́n tún un wí: "Gúlúkóòsì. Èyí tí à ń fún àwọn ọmọ bí wọ́n bá fẹ́ sáré ìje. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Bàbá mi wò wọ́n tìyanutìyanu. "Tíṣà? Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tà á?"

Tíṣà ní, "Ta ló fẹ́ tà á? Ẹgbẹ́ ló rán mi, mo sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Bí wọ́n bá tà á, tí o bá lọ, ta ni yóò máa bá mi jiyàn nípàdé?" Wọ́n jókòó. Mo ti sọ ṣáájú pé wọn kì í jókòó bí ọ̀rọ̀ bá wúwo.

Ìyá mi yíjú sí mi. "Bọ́sẹ̀, ìwọ ńkọ́?" Mo ní, "Mi ò bu nǹkan kan sí i, Màámi. Àdúrà nìkan ni." Alájì ní, "Tìẹ nìkan ni kò dí i lọ́nà ọ̀fun."

Bàbá mi nu ojú. "Ọ̀pọ̀ oògùn ní ń ru ọmọ gàle, tó fi ń rù hangogo," ni wọ́n wí. Wọ́n ní kí n lọ mú súpánà wọn wá. Mo sáré. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún wọn, ohùn wọn sì ti yàtọ̀. Wọ́n ní ká ní wọn ò sọ, bẹntiróòlù ni àwọn ìbá máa fi fọ̀ ọ́ títí òjò á fi dé, bẹ́ẹ̀ bẹntiróòlù kò lè yọ ohun tó dùn. Àgbo ti pò mọ́ gúlúkóòsì, ó ti di bí oyin nísàlẹ̀ táǹkì, omi gbígbóná ni yóò yọ ìyẹn. Àdín àti epo pupa, kẹrosíìnì ni tiwọn. Káfúrà kò ṣe nǹkan kan, ó ti bá epo lọ. "Ẹ wò ó," ni wọ́n wí, "ó lé ní àìsàn kan, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò ní ìwòsàn nínú rẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo àwọn tó ba táǹkì jẹ́ ló wá fọ̀ ọ́. Ìyá mi ń se omi, Bàbá Ògúnsànyà fi ẹwìrì wọn fẹ́ afẹ́fẹ́ sí inú táǹkì kó lè gbẹ, Tíṣà ká apá agbádá wọn, wọ́n ń fi irun ìrù ẹṣin tín-ín-rín gún ihò kabúrétọ̀, níbi tí epo ti ń wọ ẹ́ńjìnnì. Erùpẹ̀ díẹ̀ jáde níbẹ̀, bàbá mi ní ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ fa ikọ́. Ìyá Àgbà jókòó, wọ́n ń pàṣẹ. Nígbà tó gbẹ tán, bàbá mi da bẹntiróòlù tuntun sí i, wọ́n wọn ọ́ìlì fẹ́lẹ́ náà, ìdérí kan, ọ́ìlì tí wọ́n ti ń torí rẹ̀ bú ara wọn. Wọ́n yí i. Ó há lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n tún un yí. Gùdù-gùdù-gùdù, ohùn rẹ̀ jáde kedere, èéfín búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ yọ sókè sáàárín ewé odán, kò sì húkọ́.

A túlẹ̀ oko ọ̀nà Likosi kí òjò tó rọ̀. Nígbà tí òjò náà wá dé, mo jáde sínú rẹ̀ pẹ̀lú yúnifọ́ọ̀mù lára mi, ìyá mi ò sì nà mí. Bàbá mi gbé àpótí Èkó padà sórí àjà. Láti ìgbà náà, wọ́n kéde pé ẹni tó bá ní oògùn fún katakata kó gbé e wá, kó sì dárúkọ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń gbé e wá lóòótọ́. Bàbá mi á gbà á, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ. Àgbo Ìyá Àgbà nìkan ni kì í dé pẹpẹ. Bàbá mi á mu ún fúnra wọn, lójú ìyá wọn, wọ́n á sì fún ojú pọ̀.

Gbogbo àwọn àgbà tí mo dárúkọ yìí ti lọ. Alájì ló kọ́kọ́ lọ, Tíṣà tẹ̀lé wọn, Ìyá Àgbà, Bàbá Ògúnsànyà, bàbá mi. Ìyá mi ló ṣẹ́kù, wọ́n pẹ́ láyé gan-an, a sì sin wọ́n lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó kọjá. Orí tèmi náà ti funfun. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò mọ ọ̀rọ̀ tò bí àwọn tó lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi àti ọmọ tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀ yẹn ti yàtọ̀ síra. Bí wọ́n bá bi ọmọ yẹn ní ohun tó wà nínú rẹ̀, kíá ni á wí i. Ó ní àdúrà nìkan ni òun fi sí i, kò tijú. Èmi tí mo dàgbà yìí, mo ti mọ nǹkan bò ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá mi, bí àwọn ọmọ mi bá pè mí lórí fóònù, "Màmá, báwo ni ara?" èsì kan náà ni mo ń fọ̀: "Ara le, a dúpẹ́."

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Yétúndé, àkọ́bí mi, pè láti Ìbàdàn. Mo ń se ìrẹsì lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá, báwo ni ara?" Mo la ẹnu láti sọ ti àtẹ̀yìnwá, ohun tó jáde ni, "Yétúndé, mi ò rí oorun sùn. Mi ò lè dé ìdí ààrò ìyá mi. Mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́." Mo rò pé fóònù ti já. Ó wá ní, "Èmi náà, Màmá. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́ fún yín, á tún dá kún tiyín." A sunkún, a sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ Màmá Àgbà, bó ṣe máa ń pe ìyá mi, èyí tí wọ́n ṣe, èyí tí wọ́n wí, títí ẹ̀rín fi gba ẹnu wa. Ìrẹsì mi jóná mọ́ ìkòkò. Mo bu òkè rẹ̀ jẹ, mo jẹ ẹ́ yó, mo sì sùn lálẹ́ ọjọ́ náà títí ilẹ̀ fi mọ́.